Adìẹ Tó Yọ́, Tó Tún Dì

Ìyá Onímú ni wọ́n ń pe ẹ̀gbọ́n ìyá mi níbi iṣẹ́, kì í sì í ṣe pé imú rẹ̀ tóbi o. Imú rẹ̀ kò ju imú ẹlòmíràn lọ. Ṣùgbọ́n wàrà tó bá fẹ́ kan lọ́la, òní ni yóò ti gbóòórùn rẹ̀. Bí a bá lọ kí i nílé, kó tó béèrè bóyá a jí dáadáa, á ti nawọ́ sí ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn: "Ẹ lọ fọwọ́. Mi ò ní kí ẹ fi omi kàn án o, ọṣẹ ni mo wí." Èmi ń pè é ní Màmá Àgbà, nítorí òun ló ju ìyá mi lọ, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mo sì ń gbé lọ́dún tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀.

Ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ló ti ń dáná. Ó ti lo ọdún mọ́kàndínlógún níbẹ̀, láti ìdí síǹkì tó ti ń fọ abọ́ títí ó fi di igbákejì ọ̀gá alásè. Arúgbó mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni wọ́n ń bọ́ lójúmọ́. Èyí kò léyín mọ́, èyí ní ẹ̀jẹ̀ ríru, èyí ní ìtọ̀ ṣúgà, òmíràn kì í rántí bóyá òun ti jẹun. Ìyá Onímú mọ abọ́ olúkúlùkù wọn. Ó mọ ẹni tí kò gbọ́dọ̀ fi iyọ̀ kan ẹnu, ó mọ ẹni tí wọ́n gbọ́dọ̀ lọ ẹ̀fọ́ fún kó tó lè gbé e mì. Ó ní gbólóhùn kan tó máa ń sọ fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ fọwọ́ yẹpẹrẹ mú oúnjẹ wọn: "Ohun tí ọ̀dọ́ jẹ tó fi ṣu lẹ́ẹ̀mejì, bí arúgbó bá jẹ ẹ́, pósí ni."

Ẹni tó ń jẹ́ ọ̀gá alásè nígbà náà, ọkùnrin fìrìgbọ̀n kan ni, ẹlẹ́rìn-ín, tí gbogbo àwọn arúgbó fẹ́ràn. Ọ̀gá Ìdáná ni wọ́n ń pè é. Ẹ jẹ́ n ṣòótọ́, ọwọ́ rẹ̀ dùn. Ṣùgbọ́n ọ̀bùn paraku ni. Tówẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo ló máa ń wà léjìká rẹ̀ láti àárọ̀ dalẹ́. Òun ló fi ń nu òógùn, òun ló fi ń nu tábìlì, òun ló fi ń nu ìdí abọ́ kó tó bu oúnjẹ sí i. Bó bá tọ́ ọbẹ̀ wò, á lá ṣíbí náà mọ́ tónítóní, á sì tì í padà sínú ìkòkò. Bó bá gé ẹran tútù tán lórí pátákó, orí pátákó yẹn kan náà ni yóò ti gé tòmátì tí ẹnikẹ́ni kò ní sè. Ìyá Onímú ti bá a sọ ọ́ títí, ẹnu rẹ̀ ti bó. Ẹ̀rín ni ọkùnrin náà fi ń dá a lóhùn. "Ìyá Onímú, ìdọ̀tí kì í pa akíkanjú." Ọdún mẹ́fà ni wọ́n jọ wà bẹ́ẹ̀. Ó sọ fún mi pé láàárín ọdún mẹ́fà yẹn, òun kò fi oúnjẹ ibẹ̀ kan ẹnu rí, àfi èyí tí òun bá fọwọ́ ara òun sè.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Jímọ̀ kan, iná mànàmáná lọ. Jẹnẹrétọ̀ ilé náà ti bàjẹ́, wọn kò tíì tún un ṣe. Iná kò dé títí di alẹ́ ọjọ́ Àìkú. Ọ̀gá Ìdáná ló wà lẹ́nu iṣẹ́ ní òpin ọ̀sẹ̀ yẹn, Ìyá Onímú ń sinmi nílé. Nígbà tó dé ibi iṣẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, ohun àkọ́kọ́ tó ṣe ni pé ó ṣí fíríísà.

Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n gbé adìẹ méjìdínláàádọ́ta wá, ó sì fọwọ́ ara rẹ̀ tò wọ́n, ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú ọ̀rá tirẹ̀, pẹ̀lú àlàfo láàárín wọn. Ohun tó bá nísàlẹ̀ fíríísà láàárọ̀ yẹn, odindi àpáta kan ni. Àwọn adìẹ náà ti wó lé ara wọn lórí, wọ́n ti pẹlẹbẹ, wọ́n sì ti dì pọ̀ bẹ́ẹ̀. Lábẹ́ wọn, yìnyín pupa nípọn tó ìka ọwọ́ méjì. Ẹ̀jẹ̀ ni. Ẹ̀jẹ̀ tó ti ro sílẹ̀, tó wà nínú ooru fún ọjọ́ méjì gbáko, kí iná tó dé wá sọ ọ́ di yìnyín. Ó tẹ orí ba. Kì í ṣe òórùn òkú ẹran ló kọ́kọ́ gbọ́. Ó ní ó dùn díẹ̀, bíi ti òdòdó tó ti pẹ́ jù nínú omi. Òórùn dídùn yẹn ló kó o nírìíra jù lọ.

"Ọ̀gá," ó ní, "ẹ wá wò ó. Ẹran yìí ti yọ́, ó sì ti tún dì."

Ọ̀gá Ìdáná kò tiẹ̀ bojú wò ó. "Ó dì àbí kò dì?"

"Ó dì."

"Ó parí nìyẹn. Ta ló rí yìnyín tó rà rí?"

Ó gbé àpáta adìẹ náà jù sínú síǹkì, ó da omi gbígbóná lé e. Kò pẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́. Omi inú síǹkì pọ́n, ó wá dà bí omi tí wọ́n fi ṣan ẹnu. Ìyá Onímú na ìka kan sí awọ ọ̀kan nínú wọn. Ó ń yọ̀, bí ọṣẹ tó ti sun inú omi mọ́jú, nígbà tó sì fa ìka rẹ̀ kúrò, ohun kan tẹ̀ lé ìka náà, ó fà bí itọ́. Abẹ́ apá adìẹ náà ti ń di àwọ̀ ewé. Ó sáré jáde sí ẹ̀yìn ilé, èébì gbé e, ṣùgbọ́n kò rí nǹkan bì, torí kò tíì jẹun.

Nígbà tó padà wọlé, Ọ̀gá Ìdáná ti ń da fínígà lé wọn lórí, ó ń fi iyọ̀ pa wọ́n lára, ó ń súfèé.

"Ẹ̀yin náà gbọ́ òórùn rẹ̀," Ìyá Onímú wí. "Bí ẹ kò bá gbọ́ ọ, kí lẹ ń fi fínígà ṣe?"

"Ìyá Onímú, iná á pa ohunkóhun tó bá wà níbẹ̀. Kí n sè é fún wákàtí méjì, kòkòrò wo ni kò ní kú?"

"Iná á pa kòkòrò, mo gbà. Èyí tí kòkòrò ti ṣu sínú ẹran láti ọjọ́ Jímọ̀ ńkọ́? Iná kì í se ìgbẹ́ kó di ẹran o!"

Ọkùnrin náà dáwọ́ dúró, ó fi tówẹ́ẹ̀lì nu ọrùn. "Adìẹ ni wọ́n kọ sí ara ògiri fún ọ̀sán òní. Adìẹ ni wọn yóò jẹ. Bí ẹ kò bá lè sè é, ẹ lọ bó àlùbọ́sà."

Ìyá Onímú lọ wá Màtírọ́ọ̀nù, ìyẹn obìnrin tó ń ṣàkóso gbogbo ilé náà. Wọ́n ní ó ti lọ sí ìpàdé, ó di ọ̀sán. Ó pè é lórí fóònù, fóònù kò lọ. Aago mẹ́wàá ti lù. Aago méjìlá ààbọ̀ ni wọ́n ń gbé oúnjẹ ọ̀sán jáde. Ó dúró lọ́dẹ̀dẹ̀, ó ń gbọ́ bí ìyá arúgbó kan nínú yàrá ṣe ń kọrin sí ara rẹ̀ lẹ́nu. Ó ní òun ro ìyá náà, bí wọn yóò ṣe gbé e jókòó, bí wọn yóò ṣe so aṣọ mọ́ ọn lọ́rùn, bí yóò ṣe lanu bí ọmọ ẹyẹ, tí ẹnìkan yóò sì fi ṣíbí ti nǹkan yẹn bọ̀ ọ́ lẹ́nu.

Ó lọ gbé kẹ́ẹ̀gì kẹrosíìnì tó wà lẹ́yìn ilé. Ọ̀gá Ìdáná ti lọ ṣe ìgbọ̀nsẹ̀. Ìyá Onímú tú kẹrosíìnì náà lé gbogbo adìẹ lórí, kò ṣẹ́ ẹyọ kan kù. Bó ti ń tú u ló ń kà wọ́n, méjìlélógójì. Ó rò ó pé wọ́n ti se mẹ́fà tó kù jẹ lópin ọ̀sẹ̀.

Ariwo tó tẹ̀ lé e, kò ṣeé ròyìn tán. Ọ̀gá Ìdáná bú u tàtẹ̀yìnwá-tàtẹ̀yìnbọ̀. Ẹ̀wà, ẹyin sísè àti ẹ̀fọ́ ni wọ́n jẹ lọ́sàn-án ọjọ́ náà, àwọn arúgbó tó ti ń retí adìẹ sì fi ṣíbí lu tábìlì. Bàbá kan tó ti ṣe ọ̀gá iléèwé rí dìde, ó ní kí wọ́n mú olè tó jẹ adìẹ àwọn jáde. Ìyá Onímú ń pín ẹ̀wà láàárín wọn.

Màtírọ́ọ̀nù dé ní aago mẹ́ta. Wọ́n ti kó adìẹ náà sínú kòtò ńlá tí wọ́n gbẹ́ sẹ́yìn ilé, wọ́n ti da yẹ̀pẹ̀ bò ó, òórùn kẹrosíìnì nìkan ló kù nínú ilé ìdáná.

"Ta ló ṣàìsàn?" Màtírọ́ọ̀nù bi í.

"Kò sẹ́ni tó ṣàìsàn, mà."

"Kí wá ni ẹ̀rí yín pé ẹran náà ti bàjẹ́?"

"Ẹ̀rí mi náà nìyẹn, mà. Kò sẹ́ni tó ṣàìsàn."

Màtírọ́ọ̀nù wò ó bí ẹni ń wo wèrè. Ọ̀gá Ìdáná ní ẹran tútù nini ni, ó ní owú ipò ọ̀gá ló ń jẹ obìnrin náà. Wọ́n ní kí Ìyá Onímú lọ jókòó sílé fún ọ̀sẹ̀ méjì láìsí owó oṣù.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, mo rí i nídìí ẹ̀rọ omi, ó ń fọ ìka kan ṣoṣo. Ó fọ̀ ọ́, ó gbóòórùn rẹ̀, ó tún fọ̀ ọ́. Mo ní, "Màmá Àgbà, ó ti mọ́." Ó ní, "Lójú tìrẹ ni." Kò jẹun alẹ́.

Ní àárọ̀ ọjọ́rú, ẹnìkan kanlẹ̀kùn wa. Ìyàwó Ọ̀gá Ìdáná ni, obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ tí oyún rẹ̀ ti tó oṣù mẹ́fà. Ó kúnlẹ̀.

"Mà, ẹ jọ̀ọ́, kí ni mo lè ṣe sí i? Ọkọ mi, ìyá ọkọ mi, àwọn ọmọ méjèèjì, láti ìrọ̀lẹ́ àná ni wọ́n ti ń yàgbẹ́ tí wọ́n ń bì. Ìyá kò lè dìde mọ́."

"Kí ni wọ́n jẹ?"

Obìnrin náà wolẹ̀. "Adìẹ. Mẹ́fà ló gbé wálé lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú kí iná tó dé. Ó ní wọ́n ti ń fẹ́ ṣe bákan, kí wọ́n má baà ṣòfò. Mo dín wọn. A jẹ ẹ́ lọ́jọ́ Àìkú, a jẹ ẹ́ lọ́jọ́ Ajé. Ìyókù wà nínú ìkòkò lórí sítóòfù, òun ni wọ́n tún jẹ lọ́sàn-án àná. Oyún inú mi ló kọ̀ ọ́, mi ò lè gbà á lẹ́nu."

Mo wo ojú Màmá Àgbà. Mo rò pé inú rẹ̀ yóò dùn, pé yóò ní "mo wí bẹ́ẹ̀". Kò sí nǹkan tó jọ ọ́. Ètè rẹ̀ ká sókè, bí ẹni tó tún padà débi síǹkì yẹn. "Ó mọ̀," ó ní. "Ó ti mọ̀ láti ọjọ́ Àìkú."

Ó bi í léèrè ìdí tí wọn kò fi lọ sílé ìwòsàn. Ìyàwó ní ọkọ òun kò gbà, ó ní dókítà yóò béèrè ohun tí àwọn jẹ.

Ìyá Onímú kò tún béèrè ohun mìíràn. Ó ní kí n gbé omi tí a ti sè tó ti tutù wá, lítà kan. Ó wọn ṣúgà ṣíbí tíì mẹ́fà sí i, ó fi ọ̀bẹ gé orí ọ̀kọ̀ọ̀kan kó má baà kún jù. Ó wọn iyọ̀ ìdajì ṣíbí tíì kan, ó rò ó pọ̀. "Díẹ̀díẹ̀ ni wọn yóò máa mu ún," ó sọ fún ìyàwó náà bí a ti ń lọ. "Bí wọ́n bá bì í, ẹ dúró díẹ̀, kí ẹ tún fún wọn. Ẹ má fi oògùn tó ń dá ìgbẹ́ dúró fún àwọn ọmọ. Omi ló ń tán lára wọn, òun ni kí ẹ dá padà."

Láti ẹnu ọ̀nà ni òórùn ti pàdé wa. Ọ̀gá Ìdáná wà lórí ẹní, garawa lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ojú rẹ̀ ti jìn. Nígbà tó rí ẹni tó wọlé, ó yíjú sí ògiri.

"Ìyá Onímú, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ má jẹ́ kí Màtírọ́ọ̀nù gbọ́."

Ọdún mẹ́fà ni Ìyá Onímú fi ń pe ọkùnrin yìí ní "ẹ". Lọ́jọ́ náà, "ìwọ" ló pè é. "Ìyá rẹ ń kú lọ nínú yàrá, orúkọ lò ń tọ́jú? Ìwọ ọ̀bùn yìí!"

Ọkùnrin náà bú sẹ́kún, ẹkún yẹn sì mú èébì wá. Màmá Àgbà ló di garawa náà mú fún un. Ó yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó di imú, ṣùgbọ́n kò fi garawa sílẹ̀. Lẹ́yìn ìgbà náà, ó sọ fún mi pé, "Mo wá àánú rẹ̀ nínú mi títí, mi ò rí i. Ìríra nìkan ni mo bá níbẹ̀."

Ìyá arúgbó ló burú jù. Màmá Àgbà fi ìka méjì fa awọ ẹ̀yìn ọwọ́ rẹ̀ sókè, awọ náà dúró bẹ́ẹ̀, kò padà. Màmá Àgbà kò dúró gbàṣẹ mọ́. Ó ní kí n lọ pe ọkọ̀ tí yóò gbé gbogbo wọn. Nílé ìwòsàn, dókítà béèrè ohun tí wọ́n jẹ, Ọ̀gá Ìdáná tún yíjú sí ògiri. Ìyàwó rẹ̀ ló dìde pẹ̀lú oyún rẹ̀, ó sọ gbogbo rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin.

Èmi àti Màmá Àgbà padà sílé wọn lọ́sàn-án láti tún ilé ìdáná ṣe, kí àwọn tó ń bọ̀ láti ilé ìwòsàn má baà padà wá jẹ àìsàn kan náà. Mi ò lè gbàgbé ìdáná yẹn. Ìkòkò adìẹ ṣì wà lórí sítóòfù. Òróró ti dì lójú rẹ̀, eṣinṣin méjì sì ti kú sínú rẹ̀, wọ́n na ẹsẹ̀ sókè. Nínú fíríìjì, ẹran tútù wà lókè, ìrẹsì tí wọ́n ti sè wà nísàlẹ̀ láìní ìdérí, omi ẹran sì ti ń kán tó, tó, tó sí orí ìrẹsì náà títí tó fi pọ́n lójú kan. Kànìnkànìn tí wọ́n fi ń fọ abọ́ ti dúdú. Nígbà tí mo fún un, omi inú rẹ̀ ki bí ọyún ojú egbò. Mo bì. Màmá Àgbà ní, "Bì í sínú garawa, kó o sì fọwọ́ rẹ kó o tó fọwọ́ kan abọ́."

A sin oúnjẹ náà. A se abọ́ nínú omi tó ń hó. Pátákó ìgéran wọn ti la, ìdin wà nínú ojú ìlà rẹ̀ kan. Màmá Àgbà kò tiẹ̀ fọ̀ ọ́, iná ló jù ú sí. Nígbà tí ìyàwó dé ní ìrọ̀lẹ́, Màmá Àgbà fà á wọ ilé ìdáná. "Èyí tí ẹ bá sè, òkè nínú fíríìjì ni kó máa wà. Ẹran tútù, ìsàlẹ̀, nínú abọ́ tó jìn. Pátákó méjì, ọ̀kan fún ẹran, ọ̀kan fún ẹ̀fọ́ àti èso. Oúnjẹ tó bá ṣẹ́ kù, ẹ má jẹ́ kó ju wákàtí méjì lọ níta. Ẹ pín in sínú abọ́ kéékèèké kó lè tètè tutù. Bí ẹ bá fẹ́ jẹ ẹ́ lọ́jọ́ kejì, ẹ gbé e kaná kó hó láti inú wá, kì í ṣe kó lọ́ wọ́ọ́rọ́." Obìnrin náà ń mi orí, omijé ń bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní ìyá ọkọ òun ló ti kọ́ òun pé jíju oúnjẹ nù, ẹ̀ṣẹ̀ ni.

"Bí kò bá di àìsàn, ẹ̀ṣẹ̀ ni," Màmá Àgbà dáhùn. "Bó bá ti di àìsàn, kì í ṣe oúnjẹ mọ́."

Àwọn ọmọ lo ọjọ́ méjì nílé ìwòsàn, bàbá wọn mẹ́ta, ìyá arúgbó lo ọ̀sẹ̀ kan. Kò kú, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbé e dáadáa mọ́ lẹ́yìn ìgbà náà.

Ìyàwó náà ló lọ bá Màtírọ́ọ̀nù fúnra rẹ̀. Mi ò mọ ohun tó fún un ní ìgboyà. Màtírọ́ọ̀nù wá sílé wa lọ́jọ́ kejì, ó jókòó sétí àga, kò tọrọ àforíjì. Ó kàn ní, "Ìyá Onímú, ẹ padà síṣẹ́ lọ́la. Ipò ọ̀gá ti ṣófo." Ó ní wọ́n ti lé Ọ̀gá Ìdáná, torí pé ó jí adìẹ mẹ́fà.

Nígbà tó lọ tán, mo rò pé ayọ̀ ni yóò gba ilé. Màmá Àgbà tutọ́ síta láti ojú fèrèsé. "Nítorí adìẹ mẹ́fà ni wọ́n lé e! Arúgbó mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n tó fẹ́ fi ìdọ̀tí bọ́, kò sẹ́ni tó dárúkọ wọn."

Ó gba iṣẹ́ náà ṣá. Ó gbé kọ́ọ̀bù omi sínú fíríísà, nígbà tó dì, ó fi owó ẹyọ kan lé orí yìnyín náà. Ó ní bí iná bá lọ tí ẹran yọ́ lẹ́yìn àwọn, owó ẹyọ yẹn yóò rì sísàlẹ̀, kò sì sẹ́ni tó lè fi irọ́ gbé e sókè. Àwọn arúgbó kùn pé iyọ̀ ti dín, pé ẹ̀fọ́ ti pọ̀ jù. Wọ́n kùn, wọ́n sì jẹ ẹ́.

Ó tó ọdún méjì lẹ́yìn náà, ọkọ̀ kan dúró níwájú ilé àwọn arúgbó. Ọ̀gá Ìdáná ló sọ̀ kalẹ̀, ó gbé ìyá rẹ̀ tí kò lè rìn mọ́ sọ́wọ́. Ó ti di awakọ̀, ó ti gbẹ. Ó ní ìyàwó òun ti ń lọ síṣẹ́, kò sẹ́ni tí yóò máa tọ́jú ìyá lọ́sàn-án, ilé ìtọ́jú mẹ́ta ló wà nítòsí, ṣùgbọ́n ibi tí Ìyá Onímú bá ti ń dáná ni òun fẹ́.

Mo béèrè lọ́wọ́ Màmá Àgbà lálẹ́ ọjọ́ náà bóyá ó ti dárí jì í.

"Ojú rẹ̀ ṣì ń rí mi lára," ó ní. "Bó ṣe kí mi, èébì fẹ́ gbé mi." Ó ń bó ọsàn lọ́wọ́. "Ìyá rẹ̀ jẹ ẹ̀wà abọ́ kan àti ààbọ̀."